Ráútà Leeds gba ìbéèrè ìpèpadà, ó já ìpè, kò sì pe Leicester padà: níbo ni mo ti ṣì í?

ỌmọWáyà_Leeds

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, mo kí yín o. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí fà á, n kò sì fẹ́ kí ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí n tó bèèrè lọ́wọ́ yín. Iléeṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní Leeds, ó sì ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Leicester. Ìlà kan wà tó so méjèèjì pọ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí ìlà yẹn bá já, ISDN (ìlà tẹlifóònù tó ń gbé dátà) ló yẹ kí ó dìde gba iṣẹ́ ṣe títí wọn yóò fi tún un so. Ráútà Cisco 2600 kan, ẹ̀rọ tó ń darí dátà láti nẹ́tíwọ̀kì kan sí èkejì, ló wà lápá kọ̀ọ̀kan, tòun ti káàdì BRI tó so ó mọ́ ISDN.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé kí ni mo ń fi ISDN ṣe lónìí, nígbà tí wọn kò ta á fún oníbàárà tuntun mọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, tí wọ́n sì ti dá oṣù Kínní ọdún 2027 fún pípa nẹ́tíwọ̀kì tẹlifóònù àtijọ́ náà pátápátá. Ìlà náà ṣì ń ṣiṣẹ́, fáíbà kò tíì dé àdúgbò ilé ìkẹ́rùsí wa, ọ̀gá sì ti ní òun kò ní ná kọ́bọ̀ kan sí i kí fáíbà tó dé.

Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ṣòro sọ. Kí Leicester tẹ nọ́ńbà Leeds, kí Leeds dá ẹni tó ń pè mọ̀, kí ó já ìpè náà, kí òun fúnra rẹ̀ sì pe Leicester padà, kí owó ìpè lè máa wá sórí àkáǹtì Leeds, níbi tí wọ́n ti bá iléeṣẹ́ tẹlifóònù ṣe àdéhùn owó pọ́ọ́kú. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá tó ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí náà, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, ẹ̀rín ni wọ́n rín: “Ẹ̀ẹ́n, ẹ fẹ́ kí ráútà máa flash ráútà ni.” N kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Leicester pè, Leeds gbé e, CHAP (àyẹ̀wò orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà) yege lápá méjèèjì. Mo rí i nínú `debug ppp negotiation` (PPP ni ìlànà tí ráútà méjèèjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí ìlà) ní Leicester pé ìbéèrè ìpèpadà jáde lọ, wọ́n sì gbà á, nítorí pé `Callback 0 (0x0D0300)` wà nínú CONFREQ (ìbéèrè) wa, ó sì padà wá nínú CONFACK (ìdáhùn pé wọ́n gbà) tiwọn. Lẹ́yìn náà ìpè já, bí ó ti yẹ kó já. Mo dúró títí, kò sí nǹkan kan. Ó pẹ́ díẹ̀, Leicester tún pè, wọ́n tún já a, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yí po. Ìtò méjèèjì nìyí. Mo ti fi nọ́ńbà àfiṣàpẹẹrẹ rọ́pò nọ́ńbà gidi, mo sì ti yọ ọ̀rọ̀ aṣínà kúrò.

Leeds:

```
isdn switch-type basic-net3
username Leicester password xxxx
interface BRI0/0
 ip address 10.20.0.1 255.255.255.252
 encapsulation ppp
 dialer callback-secure
 dialer map ip 10.20.0.2 name Leicester 01164960145
 dialer-group 1
 ppp callback accept
 ppp authentication chap
map-class dialer IPADA
 dialer callback-server username
dialer-list 1 protocol ip permit
```

Leicester:

```
isdn switch-type basic-net3
username Leeds password xxxx
interface BRI0/0
 ip address 10.20.0.2 255.255.255.252
 encapsulation ppp
 dialer map ip 10.20.0.1 name Leeds 01134960123
 dialer hold-queue 20 timeout 10
 dialer-group 1
 ppp callback request
 ppp authentication chap
dialer-list 1 protocol ip permit
```

Níbo ni mo ti ṣì í?

BàbáMódẹ́ẹ̀mù

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Leicester nìkan ni o ti gbé debug wá, ibẹ̀ kọ́ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Leicester ti ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe: ó pè, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sì béèrè pé kí wọ́n pe òun padà. Láti ìṣẹ́jú àáyá tí ìpè àkọ́kọ́ ti já, Leeds ló kù tí yóò ṣiṣẹ́, nítorí náà Leeds ni kí o jókòó tì.

Má sì jẹ́ kí CONFACK yẹn tàn ọ́ jẹ. Wo `0x0D0300` dáadáa. 0D yẹn ni 13, nọ́ńbà tí ìwé ìlànà RFC 1570 ti oṣù Kínní ọdún 1994 fún ìpèpadà láàárín àwọn ohun tí LCP, apá PPP tó ń ṣe àdéhùn ìlà, lè jíròrò lé lórí; 03 ni gígùn rẹ̀; 00 tó gbẹ̀yìn sì ń sọ fún Leeds pé, “Ẹ fi orúkọ tí mo bá fi wọlé mọ ibi tí ẹ máa pè mí sí.” Leicester kò dá nọ́ńbà kankan. Nígbà tí Leeds sì dáhùn pé òun gbà, CHAP kò tíì bẹ̀rẹ̀, Leeds kò tíì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ rárá. Ohun tí ACK yẹn túmọ̀ sí kò ju pé “ohun tí ò ń sọ yé mi” lọ. Ẹ̀yìn CHAP ni Leeds tó lọ wá orúkọ náà nínú àwọn dialer map rẹ̀ (àṣẹ tó so orúkọ mọ́ nọ́ńbà tí a ó pè), láti mọ̀ bóyá ẹni yìí wà lára àwọn tí òun lè pè padà.

Ibẹ̀ ló ti já sí òfìfo. O kọ `map-class dialer IPADA`, o kọ `dialer callback-server username` sínú rẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ta ló ń lo IPADA? Kò sí ẹnì kankan. Dialer map tí o kọ fún Leicester kò dárúkọ rẹ̀, nítorí náà lójú Leeds, Leicester jẹ́ ẹni tí òun mọ̀, tí òun lè bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìpèpadà. Ká ní pé o kò kọ `dialer callback-secure` ni, Leeds ìbá fi ìpè àkọ́kọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìlà ìbá dìde, àfi owó nìkan tí ìbá bọ́ sọ́wọ́ Leicester. Àṣẹ yẹn ni ó sọ pé kí Leeds já ìpè àkọ́kọ́ lọ́nàkọnà, kí ó sì pe ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà fún ìpèpadà nìkan padà. Ó ṣe ohun tí o ní kó ṣe gẹ́lẹ́: ó já a, ó sì dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù:

```
dialer map ip 10.20.0.2 name Leicester class IPADA 01164960145
```

Yọ map ti àtijọ́ kúrò kí o tó kọ èyí, kí méjèèjì má baà dúró pa pọ̀. Lẹ́yìn náà, tan `debug dialer` àti `debug isdn q931` ní Leeds, kí o jẹ́ kí Leicester pè, kí o sì gbé ohun tí o bá rí wá síbí.

ỌmọWáyà_Leeds

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni, mo dúpẹ́. Ìgbà tí mo fi ojú ara mi rí i pé kò sí ẹni tó ń lo IPADA, ó dà bíi pé kí ilẹ̀ lanu. Mo ti fi class kún un, nǹkan sì ti yí padà: Leeds ń gbìyànjú láti pè báyìí. Lẹ́yìn tí ìpè àkọ́kọ́ já, ó pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, SETUP (ìbéèrè láti pè) jáde lọ pẹ̀lú nọ́ńbà Leicester, ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ ni RELEASE_COMP (ìjá ìpè) padà wá, ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì ni nọ́ńbà 28, `Invalid number format`. Mo ti ka nọ́ńbà yẹn sókè fún ara mi nígbà márùn-ún. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Tí mo bá fi fóònù alágbèéká tèmi tẹ̀ ẹ́, ó ń dún.

Àdùkẹ́_Onílà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni wáyà ISDN ti Leeds ti jáde? Ṣé láti inú àpótí iléeṣẹ́ tẹlifóònù tààrà ni, àbí láti ara PABX ọ́fíìsì, àpótí tó ń pín ìlà tẹlifóònù fún inú ilé? Mo bèèrè nítorí pé ìpè tó ń wọlé kì í fi ìyàtọ̀ yẹn hàn. PABX á kàn darí rẹ̀ sí ráútà, ẹni tó ń pè kò ní mọ̀ pé ohunkóhun wà láàárín. Ìgbà tí ráútà bá fẹ́ pè jáde ló máa ń hàn. Níbi iṣẹ́ tèmi, 9 la máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ kí ìlà ìta tó ṣí, a sì lo oṣù mẹ́ta gbáko pẹ̀lú ráútà kan tó ń gbé ìpè tí kò lè pe ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹni tó tò ó rò pé ráútà kì í ṣe ènìyàn, pé kò nílò 9.

Tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, `901164960145` ni kí ẹ kọ sínú map ti Leeds. Ẹ má fọwọ́ kan ti Leicester.

Ohun kejì tí mo ṣàkíyèsí ni `timeout 10` tí ẹ kọ sí Leicester. Kò tíì dà yín láàmú báyìí, ṣùgbọ́n yóò dé.

ỌmọWáyà_Leeds

Àǹtí Àdùkẹ́, bí ẹni pé ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi. PABX ni lóòótọ́, wáyà náà gba inú kọ́bọ́ọ̀dù kan kọjá níbi tí n kò débẹ̀ rí. Mo fi 9 kún un, Leicester sì dún! Ìpèpadà wọlé, CHAP tún yege, ping lọ, ó bọ̀. Mo fẹ́ẹ̀ jó.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Mo dán an wò nígbà mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló ṣiṣẹ́. Nínú àwọn yòókù, ohun tí Leeds ń rí gbà ni ìdí 17, `User busy`, lẹ́yìn ìyẹn kò sì tún gbìyànjú mọ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó káàdì ní ilé ìkẹ́rùsí wà lórí ISDN kan náà, ó sì ti gba ọ̀nà B kan (ọ̀nà tí ìpè ń gbà kọjá), nítorí náà ọ̀kan péré ló kù fún ráútà nínú méjèèjì. Ṣé ẹ̀rọ káàdì yẹn ló ń fa èyí ni?

BàbáMódẹ́ẹ̀mù

Ẹ̀rọ káàdì mú ọ̀rọ̀ le sí i, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló bí i. Ráútà méjèèjì ló ń pàdé ara wọn lójú ọ̀nà.

Jẹ́ ká kà á bí aago ṣe ń lọ. Ìpè àkọ́kọ́ já. Leeds kò pè lójú ẹsẹ̀. Ó dúró títí `dialer enable-timeout` rẹ̀ yóò fi pé, bí o kò bá sì kọ ọ́, ìṣẹ́jú àáyá 15 ni. Ìwọ fúnra rẹ rí 15 yẹn nínú ìwé tí o kọ lánàá. Ní Leicester ńkọ́? `dialer hold-queue 20 timeout 10`. Ènìyàn máa ń rò pé iṣẹ́ àṣẹ yìí kò ju kí ó di páákẹ́ẹ̀tì (ìdì dátà kéékèèké) ogún mú títí ìlà yóò fi dìde, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ẹni tó béèrè ìpèpadà, aago yìí kan náà ló ń sọ bí ráútà yóò ti pẹ́ tó ní dídúró kí ó tó tún pe ibi kan náà. Ó pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, Leeds kò tíì dìde, páákẹ́ẹ̀tì tuntun kan dé láti ilé ìkẹ́rùsí, Leicester sì tún tẹ nọ́ńbà Leeds. Ọ̀nà B kan ṣoṣo tó kù ti kún. Nígbà tí Leeds bá wá pè ní ìṣẹ́jú àáyá kẹẹ̀ẹ́dógún, ta ni yóò gbé e? Ìlà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta tó ṣiṣẹ́ yẹn, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà ní Leicester ní àkókò náà, kò sí páákẹ́ẹ̀tì tuntun, Leicester kò sì rí ìdí tó fi máa tún pè.

Fi èyí sọ́kàn pẹ̀lú: ẹni tó ń pè padà kì í pè lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá rí ìlà, tàbí tí wọn kò gbé e, ó parí nìyẹn, àfi kí Leicester tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí o kò fi gbọ́dọ̀ mú aago Leicester gùn títí láé. Jẹ́ kí ó ju ti Leeds lọ dáadáa, kí ó má sì ju èyí tí ènìyàn lè fara dà lọ. Èmi yóò kọ ọ́ báyìí:

Leeds: `dialer enable-timeout 3`

Leicester: `dialer hold-queue 20 timeout 30`

Mẹ́ta tó fún ISDN, nítorí pé kíá ni ọ̀nà B máa ń sọ̀ kalẹ̀ tó sì máa ń ṣí padà. Ẹni tó bá ń ka èyí tó jẹ́ módẹ́ẹ̀mù lásán ló so mọ́ ẹnu AUX (ihò kan lára ráútà), kí ó má fi ojú ISDN wò ó o. Módẹ́ẹ̀mù nílò àkókò láti sọ ìlà kalẹ̀, kí ó sì padà sípò kí ó tó lè tẹ nọ́ńbà. `Callback forced-wait` wà lábẹ́ line fún ìyẹn, aago ẹni tó ń béèrè sì gbọ́dọ̀ gùn ju ọgbọ̀n lọ dáadáa, nítorí pé ariwo tí módẹ́ẹ̀mù méjì máa ń pa síra wọn kí wọ́n tó gbọ́ra yé nìkan lè jẹ nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú. Ní ayé tí èmi ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn, tí òjò bá ti rọ̀, ká ṣáà máa gbàdúrà ni.

Táyé_Houston

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Kí ló dé tí ẹ fi ń dààmú lórí PPP nígbà tí ISDN lè ṣe flash gidi? Nọ́ńbà ẹni tó ń pè máa ń wá lórí ọ̀nà D (ọ̀nà tí ISDN fi ń gbé ìsọfúnni nípa ìpè) kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìpè. Ẹ kọ `isdn caller` pẹ̀lú nọ́ńbà Leicester àti `callback` sábẹ́ BRI ti Leeds. Leeds yóò wo nọ́ńbà náà, yóò kọ ìpè náà láìgbé e, yóò sì pè padà. Nítorí pé wọn kò gbé e, Leicester kò san nǹkan kan. Bí ẹ ṣe ń ṣe é yìí, Leeds ní láti gbé ìpè kí CHAP tó lè wáyé, Leicester yóò sì san owó ìpè kékeré yẹn nígbà gbogbo.

Àdùkẹ́_Onílà

Òótọ́ lẹ sọ nípa owó, ṣùgbọ́n ẹ rántí PABX. Nọ́ńbà tí ráútà Leeds yóò rí kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́: ó lè wọlé láìní òdo iwájú, PABX sì lè ti fi 9 kún un. `debug isdn q931` nìkan ló lè sọ bí ó ṣe rí, bí ó bá sì fi díjíìtì kan yàtọ̀, Leeds lè má dá a mọ̀. N kò sì ní fọkàn tán nọ́ńbà nìkan fún ààbò. Pẹ̀lú PPP, orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ni Leeds ń wò kí ó tó pè, ó sì tún ń wò ó lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ìpèpadà bá wọlé, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá tilẹ̀ darí nọ́ńbà Leicester sí ibòmíràn, CHAP yóò mú un níbẹ̀. Owó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni Leicester ń san. Èmi ó san án.

ỌmọWáyà_Leeds

Mo fi ti PPP sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí PABX tí n kò lè fọwọ́ kàn. Ẹ̀gbọ́n Táyé, ẹ má bínú.

Mo yí aago méjèèjì padà bí Bàbá ṣe wí. Lánàá ode yìí ni mo lọ sí Leicester, mo fi ọwọ́ ara mi yọ wáyà ìlà ńlá nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ̀rọ káàdì sì ń gba owó lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni mo ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejìlá náà ni Leeds pè padà.

Ohun kan ló wá kù tí mo fi ojú rí kí n tó kúrò níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ti lọ sílé, ìlà kò sì já. Mo tẹ `show dialer`, mo ń wo bí àkókò ìjá ṣe ń ti 120 bọ̀ wálẹ̀. Ó kọjá ìdajì díẹ̀, ó tún fò padà sí 120, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ. NTP ni: ráútà Leicester ń béèrè aago lọ́wọ́ Leeds ní ìṣẹ́jú àáyá 64 kọ̀ọ̀kan, `dialer-list` mi sì ka gbogbo IP sí ohun tó yẹ kí ìlà dúró fún. Ní Leeds tí owó wà lọ́rùn wọn, ìyẹn ìbá máa jẹ owó mọ́jú. Mo ti kọ èyí sí apá méjèèjì, ìlà sì já fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì:

```
access-list 101 deny udp any any eq ntp
access-list 101 permit ip any any
dialer-list 1 protocol ip list 101
```